Ẹ̀yìn Rẹ̀ Dà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé títẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ni mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé ibi tí ẹ ti ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ọmọ tó ń tà á bá pẹ́ kó tó dé, àwọn ará ilé mi mọ̀ pé kí wọ́n yà fún mi lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ yín ló ń kọ lẹ́tà yìí o, kì í ṣe ẹlẹ́jọ́.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò kan ni mo bá wá. Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sẹ́yìn, lójú ewé ayẹyẹ yín, ẹ gbé fọ́tò ìdílé kan tó ń ṣe ọjọ́ ìbí bàbá wọn jáde. Wọ́n pọ̀, wọ́n rẹwà, ara wọn yá gágá. Ẹ wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ọmọ àti ìyàwó ilé nìyẹn nínú àdìrẹ. Mo wo fọ́tò náà. Mo bọ́ jígí ojú mi, mo nù ún, mo gbé ìwé náà lọ sétí fèrèsé. Aṣọ tó wà lọ́rùn wọn kì í ṣe àdìrẹ. Àtẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, bí ẹ̀rọ tiyín ṣe ń tẹ ìwé ìròyìn.

Ẹ lè ní báwo ni ìyá àgbà kan ṣe mọ̀ láti inú fọ́tò. Ẹ wo èjìká obìnrin tó dúró lápá òsì. Òbìrìkìtì kan wà níbẹ̀ tí aró ráyè wọ inú rẹ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ìko tí wọ́n fi so aṣọ kò fún dáadáa. Kò burú, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹ wá wo ikùn ọkùnrin tó wà láàárín: òbìrìkìtì kan náà, ojú ibi kan náà ni aró gbà wọlé. Ẹ wo gèlè ọmọdébìnrin tó jókòó nílẹ̀: òun náà nìyẹn. Ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe irú àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnìkan ló rí àṣìṣe aláró kan níbì kan, tó jí i, tó wá fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ káàkiri ayé.

N kò bú ọlọ́jọ́ ìbí o, kí Ọlọ́run jẹ́ kí bàbá wọn pẹ́ fún wọn. Ẹni tó tà á fún wọn ló pè é ní àdìrẹ, ẹ̀yin náà sì gbà á lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ aṣọ yìí ti sọ iṣẹ́ ara rẹ̀: à dì, à rẹ. A dì í, a wá rẹ ẹ́ láró. Bí ẹ bá fi ìko so ó, oníko nìyẹn. Bí ẹ bá fi abẹ́rẹ́ gán an, alábẹ́rẹ́ ni. Bí ẹ bá fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sí i, ẹlẹ́kọ ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe tiwọn, mo gbà á fún wọn, nítorí wọ́n ṣì ń rẹ ẹ́. Èyí tí wọn kò dì, tí wọn kò rẹ, kí ni ká ti pè é?

Aládìrẹ ni ìyá mi. Kẹ́ńtà ni wọ́n ti bí i, Kẹ́ńtà ló lọ́kọ sí, Ìtòkú ló sì ti tajà fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Àwọn àgbà Kẹ́ńtà ní agboolé Ìyálóde Jojọlá ni iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ ní Abẹ́òkúta, a sì máa ń fi ìyẹn yangàn fún àwọn ará àdúgbò yòókù. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń fi láfún bú àwa Ẹ̀gbá. Kí wọ́n máa bú wa lọ. Láfún kan náà tí à ń rò jẹ lálẹ́ ni ìyá mi ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, tí yóò fi aṣọ sẹ́ ẹ kó má ní kókó, tí yóò wá fi ìyẹ́ adìyẹ mú un ya ọnà sára aṣọ funfun. Ibi tí ẹ̀kọ bá gbẹ lé, aró kò ní mu ún. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ẹ̀kọ yẹn ni mo ti ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi. Nígbà náà, elú ni wọ́n ṣì fi ń ṣe aró nínú agboolé wa. Wọ́n á gún ewé rẹ̀ lódó, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á sá a sóòrùn. Wọ́n á ki eérú sínú ìkòkò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀, wọ́n á da omi lé e, ohun tó bá ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ni wọ́n á fi pa elú. Yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, yóò máa rùn. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń dimú bí mo bá ń kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dimú yẹn ló wá fẹ́ mi níkẹyìn.

Lọ́dún tó kọjá, ìyá wa pé 85. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ní ká gba họ́ọ̀lù ńlá, èyí tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, kí àlejò má baà làágùn. Ó ní, "Sìsí mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní Abẹ́òkúta." Àbúrò mi obìnrin ti ń wá alága ìdúró. Ẹnìkan ti ya àwòrán abọ́ onírọ́bà tí wọn yóò lẹ fọ́tò ìyá wa mọ́ láti pín fún àlejò. Mo ní méje irú abọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná mi, Olóòtú. Ojú òkú márùn-ún àti ojú alààyè méjì ni mo fi ń wọn gaàrí.

Ìyàwó àbúrò mi kan, tó ń gbé Èkó, ló mú ọ̀rọ̀ aṣọ wá. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Màmá jẹ́ aládìrẹ, àdìrẹ ló yẹ ká fi ṣe aṣọ ẹbí, òun sì ti rí èyí tó dáa, ₦38,000 fún yáàdì márùn-ún. Gbogbo wa patẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó mú àpẹẹrẹ rẹ̀ wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, ó kúnlẹ̀, ó gbé e lé ìyá wa lẹ́sẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́. Ojú ìyá wa kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá rìn ín láti etí kan dé èkejì. Ó yí i padà. Ó gbé e sún mọ́ ojú. Ẹ̀yìn aṣọ náà funfun báláú, bí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà.

Ó ní, "Ẹ̀yìn rẹ̀ dà?"

Ìyàwó wa kò mọ ohun tó máa sọ. Ìyá wa ká aṣọ náà dáadáa, ó dá a padà fún un, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì béèrè bóyá ó ti jẹun. Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí aṣọ náà kò ju ìyẹn lọ. Èmi tí mo bá a gbé mọ̀ pé bí ó bá dákẹ́ báyìí, ó ti dùn ún ni.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ọ́ sórí WhatsApp pé ilé Kẹ́ńtà la ó ti ṣe ọjọ́ ìbí náà, àwa fúnra wa la ó sì rẹ aṣọ rẹ̀. Àbúrò mi ti Lọ́ńdọ̀nù fi àmì ẹ̀rín mẹ́fà ránṣẹ́. Ó rò pé àwàdà ni.

Àwa mẹ́rìnlélógún la fẹ́ wọ aṣọ ẹbí, yáàdì márùn-ún márùn-ún, ìyẹn 120 yáàdì. Mo fi ọjọ́ Sátidé mẹ́rin sí i. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Mo ra 30 yáàdì aṣọ funfun lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó búra pé òwú pọ́ńbélé ni. Ó mọ́, ó jọ̀lọ̀, n kò bi í ní ìbéèrè kejì. A se ẹ̀kọ, a yà á, a jẹ́ kó gbẹ, a bọ́ ọ sínú aró, a yọ ọ́, a tún bọ́ ọ. Nígbà tí a wá fọ̀ ọ́, àwọ̀ kò dúró. Ó wá rí ràkọ̀ràkọ̀ bí yẹ̀rì tó ti gbó. Àwọn ọmọ ń wo ojú mi. Ìyá wa ní kí wọ́n fún òun ní ìṣáná. Ó fa okùn kan yọ létí aṣọ náà, ó ṣáná sí i. Okùn náà kò jó bí ó ti yẹ kó jó. Ó ká ara rẹ̀ kò, ó yọ́, ó di kóro dúdú kan tó le bí orí abẹ́rẹ́ ìgúnsọ, ó sì ń rùn bí rọ́bà. Ó wá fa okùn kan yọ lára ìró tó ró. Ìyẹn jó wàràwàrà bí bébà, ó di eérú, ó fẹ́ ẹ dànù lórí ìka. Ó wò mí.

"Ìyá Táíwò, rọ́bà lò ń rẹ láró láti àárọ̀."

Èmi ọmọ aládìrẹ, èmi tí mo fi ọdún 33 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, n kò ṣáná sí okùn kan ṣoṣo kí n tó náwó. Mo padà lọ bá oníṣòwò náà. Ó ní ọjà tí òun bá ti gé, òun kì í gbà á padà. A gé 30 yáàdì yẹn ṣe aṣọ orí tábìlì àti kọ́tìnì tí a fi bo ẹ̀yìn ilé níbi tí àwọn alásè wà. Àwọn àlejò yìn ín. N kò bá wọn jiyàn.

Láti ọjọ́ náà, n kò ra aṣọ funfun kankan láìmú ìṣáná dání. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò nílé ara rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kó ṣe é níta gbangba, kó sì wọ ìbọ̀wọ́. Nítorí àìsùúrù, a kò fi elú ṣe gbogbo rẹ̀, aró òyìnbó alẹ́tù àti sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ la fi ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ẹ fetí sílẹ̀ o: sódà ni kí ẹ máa rọra dà sínú omi tútù, ẹ má ṣe da omi lé sódà lórí láéláé. Ó máa ń hó, ó sì máa ń ta sí ojú. Kí àwọn ọmọ kéékèèké jìnnà síbẹ̀. Èmi gan-an kò wọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ kejì nítorí pé ó ń gbóná. Ọ̀sẹ̀ méjì ni èékánná mi fi dúdú. Nígbà tí mo na ọwọ́ láti gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó tún wo ọwọ́ mi.

Sátidé kejì ni iṣẹ́ wá wọ̀ ọ́. Ìyá wa jókòó sórí àpótí, wọ́n tẹ́ aṣọ sórí tábìlì níwájú rẹ̀. Kò lè ya nǹkan kékeré mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń pàṣẹ. Ìbàdàn dùn ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ yà. Ẹni tó bá mọ ọnà yẹn mọ̀ pé àwọn òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1929, ló wà nínú rẹ̀, tí ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án béèrè pé kí ni ṣíbí ń wá láàárín òpó. Ìyá wa ní, "Ṣé ìlú á dùn kí wọ́n má jẹun níbẹ̀ ni?" Ọmọ náà gba ìyẹ́, ó yọ ahọ́n jáde, ó ń yà lọ. Nígbà tí a yíjú sí i, òpó mẹ́ta ti jáde, ṣíbí méjì ti jáde, ó wá ya fóònù alágbèéká kan sí ibi tó yẹ kí ṣíbí kẹta wà, ó sì fi àmì tó ka bátìrì sí i lókè. Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ìyá wa ní, "Fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá máa wọ̀ ọ́ ló máa ṣàlàyé." Èmi ni mo wọ̀ ọ́.

Bí aṣọ ṣe ń jáde nínú aró, mo fẹ́ kí àwọn tó ń pe àtẹ̀ ní àdìrẹ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Kì í jáde ní dúdú. Ní àwọ̀ ewé tútù ló ń jáde, bí ìgbà tí ẹ bá yọ ẹ̀fọ́ nínú omi gbígbóná. Ẹ óò nà án sókè, atẹ́gùn yóò fẹ́ lù ú, ẹ óò sì rí i lójú ara yín tí yóò máa yí padà: etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín, kí ẹ tó ka ogún ó ti di aró. A kì í fún un, nítorí ẹ̀kọ ara rẹ̀ á já. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ mú un, ọ̀kan ní etí ìhín, èkejì ní etí ọ̀hún, nítorí aṣọ yáàdì márùn-ún tó ti mu omi, ẹnì kan ò lè nà á kó má kan ilẹ̀.

Ìyàwó ilé méjì wà nínú ìdílé wa tí wọn kì í kí ara wọn. Owó aṣọ ẹbí ìsìnkú kan ló dá a sílẹ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni kò pète ohunkóhun, àwọn méjèèjì ló kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada aró nígbà tí aṣọ kan jáde, kò sì sí ẹlòmíràn nítòsí. "Fà á díẹ̀." "Rọra, ó ń kan ilẹ̀." "Gbé tìrẹ sókè." Wọ́n na aṣọ mọ́kànlá pọ̀ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ ìnáwó, n kò mọ̀ bóyá wọ́n ti di ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọ̀kan ń bá èkejì so gèlè.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo rẹ̀ lọ geere. Àpáta ni ilẹ̀ wa ní Kẹ́ńtà, òpó kánópì kò wọlẹ̀. Òkúta la fi okùn rẹ̀ so mọ́, àti ìdí mọ́tò àbúrò mi. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má jáde títí di alẹ́, torí pé bí mọ́tò bá ṣí, kánópì ṣí. Aṣọ tí a rẹ ní Sátidé kẹrin kò rí omi tó láti fi ṣàn án, oòrùn sì mú. Ìyàwó àbúrò mi ti Lọ́ńdọ̀nù, tó dé ní ọjọ́ mẹ́ta péré sí ìnáwó, ni ọ̀kan bọ́ sí lọ́wọ́. Kó tó di agogo méjì, ọrùn rẹ̀ ti di ọrùn agbe. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó pariwo, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó. Ibi tó jókòó sí náà gba àpẹẹrẹ. Àwọn tó ń háyà àga gba owó àga funfun mẹ́rin lọ́wọ́ wa, nítorí ìdí àlejò mẹ́rin ti fọwọ́ síwèé lára wọn. Mo sanwó. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

A ro láfún, a fi ewédú sí i. A di ìrẹsì ọ̀fadà sínú ewé eéran. Àwọn ègé aṣọ tó kù la fún aránṣọ àdúgbò tó fi wọ́n rán àpò kéékèèké olókùn, a di gaàrí àti kúlíkúlí sínú wọn fún àlejò láti mú lọ sílé. Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, mo rí obìnrin kan nínú ọkọ̀ akérò ní Ṣàpọ́n tó ń yọ owó ọkọ̀ nínú ọ̀kan. N kò mọ̀ ọ́n, òun náà kò mọ̀ mí. N kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ara mi gbà á.

Bí a ṣe ṣírò rẹ̀, gbogbo ìnáwó lórí aṣọ, tí a bá ka 30 yáàdì rọ́bà wa mọ́ ọn, ó jẹ́ bíi ₦19,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó dín sí ₦38,000, àmọ́ n kò ní tan ẹnikẹ́ni: bí a bá ní ká ṣírò Sátidé mẹ́rin àti ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí di òní, ó wọ́n jù ú lọ. Aládìrẹ tó ń ṣe é jẹun mọ ìṣirò yìí ju mí lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí tí inú fi ń bí wọn ní Ìtòkú bí àtẹ̀ olówó pọ́ọ́kú bá jókòó tì wọ́n lórí àtẹ, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ará àtijọ́ ni mí. Ìjà lórí ohun àtijọ́ àti ohun tuntun ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de sódà àti aró òyìnbó, wọ́n ní ó ń ba aṣọ jẹ́, ó sì ń ba ọjà jẹ́. Àwọn aláró fárígá. Aláké kan náà yìí ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá wá fi ọ̀rọ̀ owó orí lé kúrò lórí ìtẹ́ lọ́dún 1949, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó padà wá. Nínú ìdílé wa, wọ́n máa ń sọ ọ́ pé inú ìkòkò èlùbọ́ ni ìyá ìyá mi ń tọ́jú sódà tirẹ̀ sí nígbà náà. Ọpẹ́ ni pé kò sẹ́ni tó rò ó jẹ. Nítorí náà sódà kò dẹ́rù bà mí, àbẹ́là kò dẹ́rù bà mí, àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé tí àwọn ọmọ ń rẹ nísinsìnyí, bó ṣe wù wọ́n. Àtẹ̀ pàápàá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àtẹ̀ ni ańkárá, ó sì kún àpótí mi. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo ojú mi tó ní àdìrẹ ni ańkárá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kéré. Bí ẹ bá ń gbé fọ́tò ayẹyẹ jáde, ẹ máa ń kọ orúkọ ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó lu orin, ẹni tó kun àtíkè, aránṣọ, àti ẹni tó di gèlè. Nígbà mìíràn ẹ máa ń kọ ti ẹni tó gbé ìjókòó wá. Ẹ ṣáà fi ìbéèrè kan kún un: ta ló rẹ aṣọ yìí? Bí wọ́n bá dárúkọ ènìyàn, tàbí agboolé, tàbí ìsọ̀ kan ní Ìtòkú tàbí ní Òṣogbo, ẹ kọ ọ́ sí i pé àdìrẹ ni, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà. Bí wọn kò bá mọ ẹni tó rẹ ẹ́, ẹ kọ ọ́ pé aṣọ ẹbí ni. Aṣọ ẹbí náà ṣì ni.

Mo fi ègé aṣọ kan há inú àpòòwé yìí. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lára etí ìró mi ni mo ti gé e. Ẹ óò rí òpó Màpó kan, ṣíbí kan, àti fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ tán. Bí ẹ bá máa ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ya iwájú, ẹ yí i padà, kí ẹ ya ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ẹlẹ́kọ máa ń dúdú ju iwájú lọ, nítorí iwájú nìkan là ń fi ẹ̀kọ sí. Ẹ má gbé e lé ìwé funfun o. Aró rẹ̀ ṣì ń jáde.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Táíwò,
Kẹ́ńtà, Abẹ́òkúta.